Ìlà Tí Kò Hàn: Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Èbù Iṣu Kan ní Èkìtì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lórí èbù iṣu, ó sì kù díẹ̀ kó ba orúkọ àgbàlagbà kan jẹ́ láìṣẹ̀ láìrò. Mo wà lára àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà ní láàbù kan ní Adó-Èkìtì, èmi gan-an ni mo sì kọ́kọ́ ka èsì rẹ̀ sódì. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ní kíkún ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ DNA ohun ọ̀gbìn, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú ara ohun alààyè, ń pọ̀ sí i, wọ́n sì máa ń rí ìlànà iṣẹ́ kà nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà rí ibi tí ìlànà náà ti ń kọsẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ ewé iṣu ló wà níwájú ẹni.

Bàbá kan tó ń dáko lápá Ìkọ̀lé ta irinwó èbù fún ọkùnrin kan tó ń dáko lápá Ìjerò. Iṣu funfun ni, irú èyí tí àwọn oníyán máa ń wá kiri. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣu náà wọ abúlé Bàbá ni wọ́n fi ń pè é, nítorí náà n kò ní kọ orúkọ ọ̀hún síbí. Ọkùnrin náà gbin èbù rẹ̀, nígbà tó sì wa iṣu tuntun lóṣù Kẹjọ, ó ní iṣu náà kéré, ó ní nígbà tí ìyàwó òun gún un, kókó ló kún inú iyán. Ó ní Bàbá ti fi iṣu mìíràn rọ́pò èyí tí òun sanwó fún. Bàbá ní láti ìgbà tí òun ti ń gba owó èbù, iṣu kan náà ni òun ń bẹ́, òun ń gbìn, òun sì ń tà.

Ẹni tí kò bá gbé Èkìtì lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ àlejò àti oúnjẹ onílé, àgbẹ̀ tí wọ́n bá sọ pé ó ń fi èbù pa èbù dà ti pàdánù ọjà rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ojú kò lè dá èbù mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń rà á. Ẹni tó ń rà á ń fi ọkàn tán ẹni tó ń tà á ni, òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kò sì ní hàn títí ọdún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Ewé àti ìtàkùn pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà sọ òtítọ́, torí pé iṣu kan náà lè ní ewé ńlá lábẹ́ ibòji kí ó sì ní ewé wínníwínní lórí ilẹ̀ olókùúta. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀ fi ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tí wọ́n ń béèrè ṣe kedere: ṣé iṣu kan náà ni, àbí iṣu méjì? Ìbéèrè tí DNA lè dáhùn ni, ó sì rọrùn lórí iṣu ju lórí àgbàdo lọ. Àgbàdo ń ti inú hóró wá, hóró kọ̀ọ̀kan sì ní bàbá àti ìyá tirẹ̀. Èbù la fi ń gbin iṣu, èyí tó túmọ̀ sí pé iṣu tó jáde lára èbù jẹ́ ẹ̀dà iṣu tí wọ́n bẹ́ ẹ lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń bẹ́ ẹ tí wọ́n ń gbìn ín. Bí iṣu Ìjerò bá ti ara iṣu Ìkọ̀lé jáde lóòótọ́, ó yẹ kí DNA wọn bára mu níbikíbi tí a bá ti wò ó.

Ibi tí a yàn láti wò ni àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní máíkírósátẹ́láìtì. Nínú DNA ohun ọ̀gbìn, àwọn ibì kan wà tí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ń tún ara wọn pè léraléra, bí ẹni tó ń kólòlò, iye ìgbà tí wọ́n tún ara wọn pè sì máa ń yàtọ̀ láti orí irú iṣu kan sí òmíràn. Iṣu funfun, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea rotundata, sábà máa ń ní kromosóòmù 40, ìyẹn àwọn ìdì tí DNA pín sí, ogún láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan. Orí gẹ́ẹ̀lì, abala rírọ̀ tí iná mànàmáná ń fa DNA gba inú rẹ̀ kọjá, la ti ń rí iye náà bí ìlà. Nítorí náà, ní ojú ibi kan ṣoṣo, ìlà méjì ló pọ̀ jù tí iṣu bẹ́ẹ̀ lè fi hàn, ìlà kan bí àwọn òbí méjèèjì bá fún un ní iye kan náà. Ní ọdún 2017 ni wọ́n tẹ àpapọ̀ lẹ́tà DNA iṣu funfun jáde, èyí tí wọ́n fojú bù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 570, láti ìgbà náà sì ni iṣẹ́ irú tiwa ti ní ìwé tó lè máa wò. Inú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti fi hàn pé abo iṣu ló ń gbé kromosóòmù méjì tó yàtọ̀ síra tó ń pinnu akọ àti abo, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára adìyẹ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń fi ojú rí lára òdòdó iṣu ti ní àdírẹ́sì báyìí nínú DNA.

A yan ibi mẹ́jọ. Oṣù Kẹwàá ni, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

A ní kí oníkálukú mú ewé wá. Ọmọ Bàbá já ewé tirẹ̀ láàárọ̀ lára ìtàkùn kan tó pẹ́ hù lẹ́yìn ilé, ewé tútù tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dà bí ewé àṣẹ̀ṣẹ̀yọ, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ewé Ìjerò wá láti orí iṣu tó ti ń múra láti gbẹ. Ewé náà ti nípọn, etí rẹ̀ ti ń pọ́n, wọ́n dì í mọ́ inú náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú omi ìrì lára, ó sì sùn mọ́jú nínú búùtù ọkọ̀ tasí. Nígbà tí a tú náílọ́ọ̀nù náà, ooru jáde sí wa lójú, ewé tó wà nísàlẹ̀ sì ti dúdú. Ó yẹ kí a kọ̀ ọ́, kí a ní kí wọ́n lọ mú òmíràn wá. A gbà á nítorí pé ọ̀nà jìn, ọkùnrin náà sì ti náwó wọkọ̀.

Ìlànà CTAB la fi yọ DNA, èyí tí Doyle àti Doyle tẹ̀ jáde lọ́dún 1987 tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn káàkiri ayé ṣì ń lò. Wọ́n á lọ ewé kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi ọṣẹ CTAB àti iyọ̀ púpọ̀, wọ́n á gbé e sínú omi tó gbóná tó 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì, wọ́n á fi klorofọ́ọ̀mù yọ ọ̀rá àti purotéènì kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ọtí isopropanol sí i kí DNA lè dì kó sì rì. Nígbà tí a da ọtí sí ti Ìkọ̀lé, òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan kó ara jọ láàárín omi, ó ń lọ́ bọ̀, ó ń lọ́ lọ, ẹni tó bá ti rí i rí mọ̀ pé DNA nìyẹn. Nígbà tí a da á sí ti Ìjerò, ohun tó jáde ní àwọ̀ omi èlùbọ́, ó sì ń yọ̀ bí ilá tó sùn. Nígbà tí mo fẹ́ da omi orí rẹ̀ nù, gbogbo rẹ̀ fẹ́ bá omi náà lọ, mo ní láti fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì dá a dúró.

Mo rí i, mo sì tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn DNA sọ pé ti Ìjerò pọ̀ ju ti Ìkọ̀lé lọ, iye yẹn nìkan ni mo sì kọ sínú ìwé. Ó yẹ kí n wo nọ́ńbà kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìfiwéra irú ìmọ́lẹ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní 260 àti 230, tó máa ń sún mọ́ 2 bí DNA bá mọ́. Ti Ìjerò kò tó ààbọ̀. Ìdọ̀tí inú ewé náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì bí DNA ṣe ń gbé e mì, òun náà ló sì mú kí iye tí ẹ̀rọ pè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni PCR, ọ̀nà tí a fi ń da ibi kan nínú DNA kọ léraléra títí yóò fi pọ̀ tó láti rí. Kary Mullis ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ lọ́dún 1983, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1993. Ẹ̀rọ á gbé omi inú ike wínníwínní lọ sí 94 kí okùn DNA méjèèjì lè tú kúrò lára ara wọn, á sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 55 kí práímà, ègé DNA kúkúrú tí a ṣe fún iṣẹ́ náà, lè so mọ́ ibi tí a ń wá, á tún gòkè sí 72 kí ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń da DNA kọ, lè kọ ẹ̀dà tuntun, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ nígbà ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, bí ohun gbogbo bá sì lọ geere, ẹyọ kan lè ju bílíọ̀nù kan lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìgbà. Ara bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú ìsun omi gbígbóná ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, ni ẹ́ńsáìmù yẹn ti wá, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbígbóná kì í fi pa á. Omi ewé iṣu tó ti darúgbó ló ń pa á.

Èsì wa jáde lórí gẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́. Ìkọ̀lé fi ìlà rẹ̀ hàn ní ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó mọ́lẹ̀, ó dúró. Ìjerò ṣófo ní ibi mẹ́fà, ó sì ní ìlà ráńpẹ́ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ní ibi méjì. Ike tí a fi omi lásán sí kò fi ohunkóhun hàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ìyẹn gan-an ló sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ lórí fóònù pé iṣu méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Ìkọ̀lé pé láàbù ti sọ pé olè ni Bàbá.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ dúró níbí díẹ̀. Ike omi lásán jẹ́rìí sí ohun kan ṣoṣo, pé DNA ibòmíràn kò ta sínú iṣẹ́ wa. Kò jẹ́rìí rárá pé iṣẹ́ náà lè ṣeé ṣe nínú ike Ìjerò. N kò fi ohunkóhun sínú àyẹ̀wò náà tó lè sọ ìyẹn fún mi, mo sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo fi sí i.

Obìnrin àgbà kan ló ń bójú tó gẹ́ẹ̀lì ní láàbù wa, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé àwòrán gẹ́ẹ̀lì náà sókè sí ojú fèrèsé, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá bi mí pé, “Bó bá jẹ́ iṣu mìíràn ni, níbo ni ìlà tirẹ̀ wà?”

N kò ní èsì. Iṣu funfun mìíràn yẹ kí ó fi ìlà mìíràn hàn, lókè díẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀. Práímà kan lè kọ̀ láti so mọ́ irú iṣu kan, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí práímà mẹ́fà nínú mẹ́jọ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lára iṣu funfun tí wọ́n gbìn ní Èkìtì kò bọ́gbọ́n mu. Ohun tó wà lórí gẹ́ẹ̀lì yẹn kì í ṣe ìyàtọ̀. Àyẹ̀wò tí kò wáyé ni, èmi sì ti fún un ní ìtumọ̀.

Ohun tí a ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò gbówó lọ, ó sì yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ṣe bí ìlà kò bá hàn. A mú ike Ìkọ̀lé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a kán ẹyọ omi Ìjerò kan ṣoṣo sínú rẹ̀, a sì tún PCR rẹ̀ ṣe. Ìlà Ìkọ̀lé pòórá. Iṣu Ìkọ̀lé kò tíì yí padà, DNA rẹ̀ kò lọ síbì kan, nǹkan kan ló wà nínú omi Ìjerò tó dá ẹ́ńsáìmù dúró. Lẹ́yìn náà a fi omi mímọ́ la ti Ìjerò lọ́nà àádọ́ta, a sì fi purotéènì BSA sí i, èyí tó máa ń gba ìdọ̀tí sí ara rẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù lè rí ọ̀nà. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ibi márùn-ún, kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n ó wà. Mo pe akọ̀wé padà lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ó sọ fún gbogbo ẹni tó sọ fún tẹ́lẹ̀ pé èsì tí mo fún un kò dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ ti rìn jìnnà. Mo ní kí ó ṣáà máa lé e lọ.

Àwọn ará ilé wa mọ ìdọ̀tí tí mo ń sọ yìí láìpè é lórúkọ. Bí a bá bó iṣu tí a sì fi sílẹ̀ lórí tábìlì, ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń dúdú, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ ọ́ sínú omi kí a tó gbé e kaná. Òun kan náà ló ń sọ iṣu funfun di èlùbọ́ tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí àmàlà fi ń dúdú. Àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fínọ́ọ̀lù ló wà nínú iṣu àti nínú ewé rẹ̀. Bí ara iṣu bá ti ya, tí afẹ́fẹ́ sì bá wọn, wọ́n á yí padà, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Nínú àmàlà, kò sí ẹni tí ìyẹn ń pa lára. Nínú ike DNA, ara DNA ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń di ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́. Ọ̀yọ̀ ewé, tó jẹ́ ṣúgà gígùn lóríṣiríṣi, ń bá ọtí rì pẹ̀lú DNA, kì í sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí ewé bá ṣe ń dàgbà sí i ni àwọn méjèèjì ń pọ̀ sí i, tí a bá tún wá dì í mọ́ náílọ́ọ̀nù kó hó nínú ooru, a ti ṣe èlùbọ́ rẹ̀ kó tó dé láàbù.

A pinnu láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníkálukú mú iṣu odidi mẹ́ta wá, a kọ nọ́ńbà sí wọn lára níwájú akọ̀wé ẹgbẹ́, a sì tọ́jú wọn síbi kan náà. Iṣu kì í hù lọ́jọ́ tí wọ́n wà á. Ó máa ń sùn fún oṣù bíi méjì sí mẹ́rin kí ojú rẹ̀ tó là, nítorí náà a ní láti dúró. Bàbá kò fẹ́ràn ìdúró yìí, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ìgbà títa èbù ni oṣù tí a fi ń dúró. Lóṣù Kìíní, a bẹ́ èbù kan láti ara iṣu kọ̀ọ̀kan, a gbìn wọ́n sínú àpò ilẹ̀ lábẹ́ ibòji kan náà. Nígbà tí ewé jáde lóṣù Kẹta, a já ewé àkọ́yọ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú ewé iṣu funfun mìíràn tí a rà ní Ọjà Ọba ní Adó tí a sì jẹ́ kó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A tẹ gbogbo rẹ̀ sínú silica gel, tó ń fa omi kúrò nínú ewé kí ó tó rí àyè bàjẹ́.

A tún ìlànà wa ṣe pẹ̀lú. A kọ́kọ́ fi omi sorbitol fọ ewé tí a lọ, kí ọ̀yọ̀ rẹ̀ lè bá omi lọ nígbà tí DNA ṣì wà nínú ilé rẹ̀. A fi PVP sínú omi CTAB kó lè di fínọ́ọ̀lù mú, a fi beta-mercaptoethanol sí i kí afẹ́fẹ́ má lè yí wọn padà, a sì gbé iyọ̀ rẹ̀ sókè. Gbogbo ike méjèèje ló fún wa ní òwú funfun. Nọ́ńbà kejì lórí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ju 1.8 lọ lára gbogbo wọn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Iṣu Ìkọ̀lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti iṣu Ìjerò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu ní ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Iṣu Ọjà Ọba yàtọ̀ sí wọn ní ibi márùn-ún, èyí tó fi hàn pé àwọn ibi tí a yàn lè dá iṣu mọ̀ yàtọ̀ sí iṣu. Ibi mẹ́jọ kì í ṣe gbogbo DNA. Àwọn ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí a bá sì lo irú rẹ̀, ó lè rí àyípadà kékeré tó wáyé lára èbù láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé wọ́n fi irú iṣu kan rọ́pò òmíràn, lórí ìyẹn, kò sí ohun kan nínú èsì wa tó ti ẹ̀sùn náà lẹ́yìn.

Kí ló wá ṣe iṣu ọkùnrin náà? Màmá dáhùn apá kan láìlo ẹ̀rọ: ta ló máa ń wa iṣu tuntun lóṣù Kẹjọ tó ń retí kó gún bí iṣu tó gbó? Apá kejì hàn lójú ewé. Àwọn ewé tó jáde láti ara iṣu Ìjerò ní àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín àwọ̀ ewé wọn. A yẹ̀ wọ́n wò fún fáírọ́ọ̀sì mòsáíkì iṣu. RNA, èròjà kan tó jọ DNA, ni àkọsílẹ̀ àjogúnbá fáírọ́ọ̀sì yìí, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ yí i padà sí DNA kí PCR tó lè rí i. Ó wà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti Ìjerò, a kò rí i lára àwọn mẹ́ta láti Ìkọ̀lé. Fáírọ́ọ̀sì yìí ń dín ìkórè kù, inú èbù ló ń gbà tẹ̀ lé iṣu láti ọdún kan dé òmíràn, àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń mu omi ewé sì tún ń gbé e láti oko sí oko. Ó lè jẹ́ oko Ìjerò ni iṣu náà ti kó o. Ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ lára irinwó èbù yẹn gbé e wá láti Ìkọ̀lé, nítorí pé iṣu mẹ́ta kéré jù láti dá gbogbo oko Bàbá láre. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí sínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ó tilẹ̀ wù mí pé kí n kọ èyí tó máa tu Bàbá nínú nìkan.

Mo lọ sí Ìkọ̀lé fúnra mi láti ka ìwé náà níwájú ẹgbẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kí n tó jókòó, mo sì sọ fún gbogbo ilé pé ẹ̀rọ kò sọ ohun tí mo ní ó sọ lóṣù Kẹwàá, èmi ni mo sọ ọ́. Bàbá ní òun gbọ́. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń dá ewé tó ní àrùn náà mọ̀, mo fi àwòrán hàn án, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú, ó sì pe ọmọ rẹ̀ kó wá wò ó. Ọkùnrin láti Ìjerò jókòó lápá kejì. Nígbà tí ìpàdé parí, ó lọ bá Bàbá lẹ́yìn ilé, n kò sì tẹ̀ lé wọn.

Bàbá rán ọmọ rẹ̀ wá gba iṣu rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti hù nínú àpò. A fa mẹ́ta Ìjerò tu, a sì sun wọ́n nínú àgbá lẹ́yìn láàbù. DNA gbogbo wọn ṣì wà nínú fírísà, pẹ̀lú ike àkọ́kọ́ tó ní àwọ̀ omi èlùbọ́, èyí tí mo máa ń gbé jáde fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ PCR.